Òwú Tó Le Jù

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń wọn ènìyàn ní Tákié:
àyà, ìbàdí, èjìká, gígùn apá.
Mo mọ ẹni tó sanra lẹ́yìn ọdún Kérésì,
mo mọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ti gbẹ lára.
Téèpù mi kì í purọ́,
àfi pé n kò fi wọn ara mi rí.

Ẹ̀gbọ́n mi Dọ́káàsì ló kọ́ mi níṣẹ́.
Ó lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn
kí ó sì máa bá ọ jà lórí owó bọ́tìnnì.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nínú oṣù Èrèlé, ọyẹ́ ṣì wà nílùú,
ó gbé òwú, òwú kọ̀.
Ó lá a létè, ó tún gbé e. Òwú kọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu,
ẹ̀gbẹ́ kejì kò gbọ́.
Ó fẹ́ pe orúkọ mi, Wúràọlá.
"Wú... wú..." ló ń jáde.

Ẹnìkan ní ká fi àdí pa á lára.
Ẹnìkan ní ayé ni.
Ẹnìkan ní kó rọra sùn, yóò jí dáadáa.
Mojírayọ̀, ọmọṣẹ́ tó kéré jù, ló figbe ta:
"Ọ̀gá, ọsibítù! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sùn!"
Márúwá ló gbé wa, mo di orí rẹ̀ mú bí igbá ẹyin.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì kọjú sí mi:
"Ìwọ náà, mú apá wá."
Ó fi ọ̀já wé mi lápá, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fún.
Ọgọ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún.
Mo ní, "Kò sí ibi tó ń dùn mí."
Ó ní, "Kì í kan ilẹ̀kùn."
Ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ mi ru rí nínú oyún.
Ó ru, nínú oyún ọmọ kejì.
Mo rò pé mo ti bí i mọ́ ọmọ ni.

Kọ́kọ́ kékeré kan wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ.
Bí o bá yí i jù, òwú a le,
a máa dún tín-ín, a já,
láìsí ẹni tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́.
Magí mẹ́rin nínú ọbẹ̀ di ẹyọ kan; irú gba ipò rẹ̀.
Ọmọ ní ọbẹ̀ tẹ́. Mo ní kó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ìdájí, mo ń rìn láti Tákié dé Ìjẹ̀rú,
aṣọ àná lọ́rùn, bàtà ọkọ mi lẹ́sẹ̀.
N kò fi obì gbé òru mọ́ nítorí aṣọ Iléyá:
oníbàárà tó bá ń kánjú, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an.
Oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù, ẹyọ kan lójúmọ́.

Irọ́ kò sí ńbẹ̀: ara mi yá nígbà Àjíǹde, mo dá a dúró.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọ̀já tún sọ òtítọ́ fún mi.
Ojú tì mí níwájú nọ́ọ̀sì bí ọmọ tó ya ìwé.

Nísinsìnyí mo ti ra ọ̀já tèmi, ó wà lára ìṣó.
Ẹni tó bá wá ran bùbá, mo wọn àyà, mo wọn ìbàdí,
lẹ́yìn náà: "Ẹ mú apá wá."
Ìyàwó tuntun kan ní, "Aṣọ ni mo wá rán, n kò wá gba abẹ́rẹ́."
Mo wọ̀n ọ́n tipátipá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, tirẹ̀ ga ju tèmi.

Dọ́káàsì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì padà tán,
ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ òkè.
Ó fi ọwọ́ òsì ka bọ́tìnnì sínú ike,
ó sì ń bá wọn jà lórí owó rẹ̀.